Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìwé Yín Sọnù Lọ́nà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé Òkè-Ògùn

Láti Ìṣẹ́yìn Òro ọmọ Ẹ̀bẹ́dì títí dé Ṣakí ọmọ Àsabàrí, láti Òkèehò dé Ìgbòho, kí a tó wá máa sọ ti Kíṣí àti Igbẹ́tì, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn tí a kò ní rí ọ̀dọ́ kan níbẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe ọmọ ahunṣọ tàbí ọmọ ọdẹ, tí ó ti kọ ìtàn tàbí ewì kún ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta mẹ́rin, tí ó ti kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, tí ó sì ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan yóò wá bá a sọ wọ́n di ìwé tí tọmọdé tàgbà yóò máa kà. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Iṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé: kí ó kọ ọ́, kí ó sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi bọ́ sọ́wọ́ òǹkàwé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló mọ ti àkọ́kọ́ í ṣe. Àìka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọn rí ojú ọ̀run.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn nìkan. Òṣóògùn, ìlú kékeré kan ní ìhà Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ogun kó lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní 1821, tí wọ́n ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kúrò nínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró, níbi tí ó ti mọ̀wé. Ní 1843, ìwé tí ó fi kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jọ, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ wọn, jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ kò pé títí di 1884, nítorí pé apá kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń tẹ̀ jáde, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ọmọ ilẹ̀ wa, tí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko ẹrú, ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkánjú kò bá a dé ìdí iṣẹ́ náà, àárẹ̀ kò sì mú un kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé tuntun mọ̀ dunjú ni ti Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí wọ́n bí ní Sàró ní 1846, tí ó wá di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí àwọn arọ́kin ààfin àti àwọn àgbà tí ogun ṣojú wọn, tí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, tí ó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Inú ìwé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka ìtàn ìgbà tí àwọn Aláàfin fi Ìgbòho ṣe olú ìlú, àti ìtàn bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú. Ní 1899, ó di iṣẹ́ náà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, ó sì ń retí èsì. Èsì kò dé. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì lọ béèrè, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí àwọn fi ìwé náà sí mọ́, àti pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ta ni ó lè díwọ̀n owó tí a lè fi san irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ní 1901, Samuel Johnson papò dà láìfi ojú kan ìwé tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí síbẹ̀, à bá ti sọ pé àyànmọ́ ni. Ohun tí ó gba ìtàn wa sílẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé náà kò da àwọn bébà tí ó kọ́kọ́ kọ nǹkan sí nù. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jákujàku wà nílẹ̀, ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ kí ó tó dà á kọ dáadáa wà nílẹ̀, Dókítà Obadiah sì jókòó tì wọ́n, ó ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ń tún wọn kọ, títí ìwé fi tún di odindi. Nígbà tí ó sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní 1916, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n sì wà á gbalasa lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ó sì dé, bébà ti wọ́n jù. Obadiah pẹ̀lú kú ní 1920. 1921 ni CMS, ilé-ìtàwé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, gbé e jáde. Ọdún 24 ni ìwé yìí fi wà lójú ọ̀nà, ẹni méjì ni ó ṣọ́ ọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fojú rí i lórí àtẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀. Chinua Achebe fi ìwé àfọwọ́kọ Things Fall Apart, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ní, ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún ni ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó san owó wọn, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù retí láìgbọ́ ohunkóhun, àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, ya ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún láti béèrè kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé tí gbogbo ayé ń kà láti 1958 ìbá ti bá eruku lọ. Ẹní bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìṣọ́ àkọ́kọ́ nìyí: òǹkọ̀wé tí ó bá ti kọ abala kan tán, kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́wọ́, kí ó fi òmíràn sọ́dọ̀ ẹni tí ó fọkàn tán ní ìlú mìíràn, kí ó sì fi èyí tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí àpótí íméèlì ara rẹ̀, kí iná, òjò, ikán àti olè má baà lè pa gbogbo rẹ̀ run lọ́jọ́ kan. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ní lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí ó ti wù kí olúwarẹ̀ lókìkí tó.

Ìṣọ́ kejì ni kí ó má ṣe kánjú gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nígbà tí kò tíì gbó. Ẹ wo ahunṣọ Ìṣẹ́yìn nídìí òfì: òwú rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ dé ibi tí òkúta ti dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìró; ṣùgbọ́n bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá já láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwú, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò wá a rí, yóò so ó, kí ó tó tẹ̀ síwájú, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá gbójú fò ó, ọjọ́ tí aránṣọ bá gán ọ̀já pọ̀ di agbádá ni àléébù náà yóò hàn lójú agbo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí òǹkọ̀wé ṣe sí gbólóhùn rẹ̀. Kí ó gbé iṣẹ́ náà pamọ́ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kí ó padà wá kà á sókè ketekete, kí ó gbé e fún ẹni tí ó gbọ́ èdè, tí kò sì ní tìtorí ojú rere pa òtítọ́ mọ́ ọn lára. Ẹni tí ó bá ń kọ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974, kí ó sì fi àmì ohùn sí ibi tí ó yẹ, nítorí iṣẹ́ tí kò ní àmì ń fún olóòtú ní wàhálà, olóòtú tí iṣẹ́ bá sì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò ní wàhálà ni yóò kọ́kọ́ mú.

Ní ti ẹni tí ó lè ka iṣẹ́ fún ni, orí ti bá àwọn ará Ìṣẹ́yìn ṣe é. Ní 2010, Dókítà Wálé Òkédìran, oníṣègùn tí ó ń kọ ìtàn àròsọ, tí ó ti ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ilé Aṣojú-Ṣòfin ní Àbújá, tí ó sì ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, dá ilé kan sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, tí ó fi orúkọ òkè Ẹ̀bẹ́dì sọ, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti ń wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fi parí ìwé wọn láìsí ìdíwọ́. Ara ohun tí a retí lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ní iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Ọmọ Òkè-Ògùn tí ó bá ń kọ̀wé, tí kò sì gbìyànjú láti jókòó níbi tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bá wá gbó, ibo ni kí a gbé e gbà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ìwé ìròyìn. I. B. Thomas, tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti 1929, àwọn òǹkàwé sì ń fi ìháragàgà retí rẹ̀, kí ó tó kó o jọ di ìwé ní 1930. Ó ti ní òǹkàwé nílẹ̀ kí ìwé tó dé. Ọ̀nà kejì ni ti ìdíje. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936 ni ó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà síta, tí CMS fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ọ̀nà kẹta ni ti kíkọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde tààrà. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìráńṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìpolówó ìwé ni ó rí, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí ń tẹ ìwé. Irú ìwé rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Faber and Faber, àwọn ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Ó sì lè pẹ́ kí ìwé tó jáde: Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. 1970 ni ó tó jáde ní ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tìtorí ìdádúró sọ ọwọ́ nù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà kẹta yìí, Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ilé-iṣẹ́ University Press, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1949 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Oxford, wà ní Jẹ́ríkò. Ilé-iṣẹ́ Oníbọnòjé, tí ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 1958, pẹ̀lú àwọn mìíràn, wà ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń jẹun, nítorí náà kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ wo irú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀, kí ó tó kọ lẹ́tà ojú-ìwé kan ṣoṣo sí wọn, tí yóò sọ ohun tí ìwé náà dá lé lórí, bí ó ti gùn tó, irú ẹni tí yóò kà á, àti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́, kí ó sì so orí méjì àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, kí ó ní sùúrù oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ padà, kí ó ka ìdí tí wọ́n sọ dáadáa, nítorí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ó tún ohun tí ó yẹ ṣe, kí ó sì gbé e lọ síbòmíràn.

Bí wọ́n bá gbà á, ọ̀rọ̀ àdéhùn dé. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tí a tún ṣe ní 2022, fi yé wa pé bí a bá ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ti ẹni tí ó kọ ọ́ ni, títí ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí òǹkọ̀wé má ṣe fi ayọ̀ bu ọwọ́ lu ìwé tí kò kà. Kí ó wò ó bóyá ó ń ta ẹ̀tọ́ náà pátápátá ni, tàbí ó ń yá wọn lò fún iye ọdún kan. Kí ó wo ìdá tí yóò máa jẹ, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100, kí ó sì béèrè bóyá lórí iye tí a kọ sára ìwé ni tàbí lórí owó tí ó wọlé fún wọn. Kí ó mọ ìgbà tí wọn yóò máa ṣe ìṣirò fún un, iye ẹ̀dà tí yóò gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àti bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò ṣe padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí ìwé bá tán tí wọn kò sì tún un tẹ̀. Kí ó sì dá ẹni méjì mọ̀ yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé, nítorí ó gbàgbọ́ pé ìwé náà yóò tà, àti ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ẹni kejì yìí kì í ṣe ọ̀tá, alágbàṣe ni. Ṣùgbọ́n bí alágbàṣe bá gba owó ẹni, tí ó tún ní kí a fi ẹ̀tọ́ ìwé lé òun lọ́wọ́, kí a gbé iṣẹ́ wa kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Èyí mú mi dé ọ̀nà kẹrin, ọ̀nà ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé, ọ̀nà tí kò sì lójútì rárá. Ṣakí ni ẹ̀rí wa. Olóyè Samuel Òjó, Báda Ṣakí, kọ Ìwé Ìtàn Ṣakí, ó kọ ti Ọ̀yọ́, Ìkòyí àti Afijió, ó kọ ti Yorùbá lápapọ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn Ìlọrin ní 1957. Kò dúró de Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí ó tó sọ ìtàn ìlú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn ní yunifásítì sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí olóyè yìí ṣe, ọ̀dọ́ òde òní lè ṣe é, bí ó bá mọ ètò rẹ̀.

Ètò náà nìyí. Kí ó san owó fún olóòtú kí ó tó san fún ẹlẹ́rọ, nítorí ẹ̀rọ kì í tún àṣìṣe ṣe, ṣe ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ó gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́wọ́ Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978 tí ó jẹ́ àmì ìwé tí a tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Láìsí i, àwọn ilé-ìtàwé ńlá kì í fẹ́ gba ìwé. Òfin Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà 3 fún Ilé-Ìkàwé náà láàárín oṣù kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò, tí ó sì jẹ́ ààbò fún ìwé wọn fúnra wọn, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti máa rí i nígbà tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ, ìbáà ṣe Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ṣómólú l'Ékòó, kí ó mọ̀ pé owó tí a ó fi to ẹ̀rọ ńlá sílẹ̀ kò yàtọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀dà 200 ni a fẹ́ tẹ̀, ìbáà ṣe 1,000. Ìdí nìyí tí iye owó ẹyọ kan fi ń wálẹ̀ bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tí ó lè tẹ 50 ti wà báyìí, kò sì sí ìdí tí ẹni tí kò tíì mọ ọjà rẹ̀ yóò fi lọ tẹ ẹgbẹ̀rún kan kí ikán tó bá a jẹ ẹ́. Kí ó béèrè fún ẹ̀dà àyẹ̀wò, kí ó kà á láti èèpo iwájú dé ti ẹ̀yìn pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, kí ó wo àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lè sọ wọ́n di ihò tàbí àmì ìbéèrè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nípa ìkójáde ìwé, kí a má ṣe rò pé ọjọ́ kan tí a ta kánópì, tí alága jókòó, tí àwọn ọlọ́lá ń na owó, ni ó ń sọ ìwé di ohun tí a ń kà. Ayẹyẹ dára, ó lè dá owó tí a ná padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìwé lówó ńlá nítorí iyì lè má ṣí i láéláé. Àwọn tí yóò ka ìwé náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, ní Pólítẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú l'Ékòó àti lókè òkun. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí òǹkọ̀wé gbé e lọ ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ohun tí a ó sì kọ kò wọ́n. Ọ̀tẹ̀ tí Ìṣẹ́yìn àti Òkèehò dì sí ìjọba àmúnisìn ní 1916, ibojì àwọn Aláàfin ní Ìgbòho, ìjálá àwọn ọdẹ wa, ìṣe àwọn ahunṣọ, ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń mọ àkókò òjò ní ilẹ̀ ọ̀dàn: gbogbo wọn ni ó ń béèrè ìwé tí a fi èdè Yorùbá kọ, tí ọmọ wa lè kà láìsí ògbufọ̀. Àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ń lọ lójoojúmọ́, a kò sì lè bẹ ikú kí ó dúró títí a ó fi ra gègé.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pé bí ọmọ yín bá gbé ìwé tó ṣe é kà wá síwájú yín, ẹ má ṣe fi ìyìn nìkan dá a lóhùn. Ẹ ra ìwé náà fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú yín, kí ó lè rí owó tẹ òmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó mú ẹni tí yóò bá a kà á, kí ó sì kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ó bá yàn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí: kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ má ṣe dákẹ́, kí àwa tí a ń kà má sì ṣe ya ahun.